Ogun Orí Ẹní Tó Mú Kí Akàn Máa Fẹ̀gbẹ́ Rìn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ ti rí akàn létí odò rí? Ta ló lè sọ fún mi ìdí tí kì í fi í rìn tààrà bí ẹranko yòókù, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló fi ń rìn, tí ojú rẹ̀ sì yọ síta bí orí ìṣó? Ta ló to àwọn amọ̀ róbótó wéwèé yẹn sí ẹnu ihò rẹ̀?

Nígbà láéláé, nígbà tí gbogbo ẹranko ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, tààrà ni Akàn ń rìn. Ojú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ pẹlẹbẹ bíi ti ẹja. Ìyá Alámọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí amọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ jù. Kì í mọ ìkòkò o. Ọmọ ogun kéékèèké ló ń mọ. Ọ̀kan kò tóbi ju èkùrọ́ lọ, síbẹ̀ ó ní apata, ó ní idà, ó dé fìlà. Yóò sá wọn sóòrùn, yóò fi osùn kun àwọn kan, yóò fi ẹfun kun àwọn mìíràn. Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Inú rẹ̀ ń dùn sí i ni.

Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, Akàn yóò tẹ́ ẹní. Yóò kó ewé lé e, ó di igbó. Yóò da yanrìn sí àárín, ó di òkè. Ẹranko méjì yóò to ọmọ ogun wọn, ọ̀kan níhìn-ín, èkejì lọ́hùn-ún. Gígùn ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ni ọmọ ogun lè rìn lẹ́ẹ̀kan. Bí méjì bá pàdé, wọn yóò ju owó ẹyọ. Ti ẹni tó bá pàdánù yóò dùbúlẹ̀. Ẹni tí Balógun rẹ̀ bá kọ́kọ́ gun òkè ló ṣẹ́gun.

Akàn ni adájọ́. Òun ló ń mú ẹyọ ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀bá ẹní ló ń gbà, nítorí adájọ́ kì í gba àárín ogun kọjá.

Ẹ̀rín a máa pọ̀ níbẹ̀!

"Ọmọ ogun rẹ ti sùn o!"

"Ta ló sùn? Àdúrà ló ń gbà!"

Ọ̀pọ̀lọ́ ló fẹ́ràn eré náà jù. Gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀ ló fi jókòó ti Akàn, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n, títí ó fi ní ọmọ ogun tirẹ̀. Ó fi ìyẹ́ ẹyẹ kun ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Fìlà aró ló kùn fún Balógun rẹ̀, kò sì sí aró lórí ọmọ ogun ẹlòmíràn.

Ìjímèrè rí wọn, ojúkòkòrò mú un. Ìjímèrè yìí kò fọwọ́ kan amọ̀ rí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ti orí igi ju èso lu Ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́yìn.

"Ọ̀pọ̀lọ́ ẹlẹ́yìn ṣákaṣàka," ó ní, "jẹ́ ká jagun lórí ẹní. Bí mo bá borí, mo kó gbogbo ọmọ ogun rẹ. Bí o bá borí, n kò ní ju nǹkan lù ọ́ mọ́ láéláé."

Ọ̀pọ̀lọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó kún fún egbò. Ó wo ọmọ ogun rẹ̀. Ó wá kọjú sí Akàn.

"Ìyá Alámọ̀, ẹ̀rù ń bà mí. Ọwọ́ Ìjímèrè kò mọ́."

"Ọmọ mi, má bẹ̀rù," ni Akàn wí. "Bí Ẹlẹ́dàá ti ń gbọ́ mi, ojú mi kò ní kúrò lára ẹní."

Lọ́jọ́ ogun, bí oòrùn ṣe ń rọlẹ̀, Ọ̀pọ̀lọ́ tún fìlà Balógun rẹ̀ kùn kó lè dán. Ìjímèrè yá ọmọ ogun Akàn lò. Ogun gbóná! Ọ̀pọ̀lọ́ ń borí. Ó ku gígùn ìgbálẹ̀ kan péré kí Balógun rẹ̀ gun òkè.

"Ẹ jẹ́ n wo ìgbálẹ̀ yẹn," ni Ìjímèrè wí. Ó gbà á, ó ṣẹ́ ẹ pẹ́kẹ́. "Háà! Ẹ má bínú, Ìyá Alámọ̀. Ẹ lọ mú òmíràn wá nílé."

Akàn kọ ẹ̀yìn sí ẹní, ó gba ilé lọ tààrà.

Nígbà tó padà dé, Balógun Ìjímèrè ti wà lórí òkè. Ti Ọ̀pọ̀lọ́ wà nínú igbó, ó dojú bolẹ̀.

"Ìrẹ́jẹ ni!" Ọ̀fun Ọ̀pọ̀lọ́ wú. "Ìrù ló fi tì í!"

"Irọ́ ni. Ẹ bi Ìgbín."

Ìgbín ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Akàn bi í. Ìgbín fa orí wọlé.

Ọkàn Akàn kò balẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí ẹní ni adájọ́ ń dá.

"Ìjímèrè ló ṣẹ́gun," ó wí.

Ìjímèrè bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ ogun ọlọ́mọ ogun mọ́ra. Bó ṣe yí padà ni Akàn rí i: aró tútù wà ní ṣónṣó ìrù rẹ̀!

"Olè!" Akàn pariwo. "Ẹni tí kò po amọ̀ rí, ìwọ lo fẹ́ kó iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó jókòó ọ̀gbẹlẹ̀ gbáko? Kó wọn sílẹ̀! Ọ̀pọ̀lọ́ ló ṣẹ́gun!"

Ìjímèrè fò sórí igi. "Adájọ́ tó kọ ẹ̀yìn sí ẹjọ́!" ó ní, ó sì da gbogbo ọmọ ogun náà sínú odò. Amọ̀ tí oòrùn nìkan gbẹ kò lè bá omi jà. Odò pọ́n díẹ̀, ó dúdú díẹ̀, ó tán.

Ìgbín wá yọ orí. "Mo rí i o, ẹ̀rù ló bà mí."

"Ìwọ tí o gbé ilé pọ̀n sẹ́yìn!" Akàn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbiná. "Ta ni kó wá sọ òótọ́, èmi tí n kò sí níbẹ̀?"

Ọ̀pọ̀lọ́ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Ìyá Alámọ̀, Ìgbín kò ṣèlérí fún mi. Ìjímèrè pàápàá, mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ojú yín kò ní kúrò."

Gbogbo ìbínú tí Akàn ń dà sórí ẹlòmíràn padà sórí rẹ̀.

"Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi."

Ó lọ sí ẹ̀bá ẹní, ó kọjú sí i, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ rìn láti igun kan dé èkejì. Ẹsẹ̀ ń ro ó, kò yíjú. Ó bẹ Ẹlẹ́dàá pé kó gbé ojú òun sókè kí òun lè máa rí iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹlẹ́dàá gbọ́, ó fa ojú náà yọ síta. Akàn wá po amọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọmọ ogun mìíràn fún Ọ̀pọ̀lọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Akàn ti ń fẹ̀gbẹ́ rìn. Àwọn amọ̀ róbótó ẹnu ihò rẹ̀, orí ọmọ ogun Ọ̀pọ̀lọ́ ni. Bí omi bá gbé wọn lọ, yóò tún mọ òmíràn. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, yóò gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, nítorí ó rò pé Ìjímèrè ló ń bọ̀. Ẹ lé e títí, kò ní kọ ẹ̀yìn sí yín.

Ó ti ṣèlérí fún Ọ̀pọ̀lọ́ pé ojú òun kò ní kúrò. Kò kúrò mọ́.