Orí Ilé Àwẹ̀ró

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Gbogbo wa ni a gbọ́ òwe yìí dàgbà, ṣùgbọ́n ta ni ó mọ ìdí rẹ̀ nínú wa? Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Níbo ni ènìyàn ń lọ tí ó ń fi orí rẹ̀ sílẹ̀ nílé? Ẹni tó lọ sóko gbé orí lọ sóko. Ẹni tó lọ sọ́jà gbé e lọ sọ́jà. Bí kò bá sí orí tí ó lè gbélé nígbà tí olórí kò sí, a jẹ́ pé òwe náà ń ṣòfin lórí ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀, àwọn àgbà kì í sì í ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Orí wo, nígbà náà, ni wọ́n fá tí olórí kò mọ̀?

Ní ìlú Ìdí-Ìyeyè ni ó ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí koríko bẹẹrẹ ṣì ni a fi ń bo ilé, tí ilé alájà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ àwọn ọlọ́rọ̀ lójú. Àwẹ̀ró, opó kan tó ń hun kíjìpá, ni ó ni yàrá ìpẹ̀kun nínú ilé gbọọrọ kan tí òun àti ẹbí mẹ́ta mìíràn jọ ń gbé. Olúkúlùkù ló ni yàrá tirẹ̀, òrùlé kan ṣoṣo ló bo gbogbo wọn. Ìyá Àwẹ̀ró ló fi yàrá yìí sílẹ̀ fún un. Kò ní òmíràn láyé.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ ní ìlú kejì, Àwẹ̀ró sì lọ bá a wẹ ọmọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Láníhùn dé. Láníhùn yìí ni ọ̀gá àwọn mọlémọlé ìlú, ó sì ti pinnu láti kọ́ àjà lé ilé náà, kí òun máa gbé òkè, kí ayé máa gbójú sókè wo òun. Ó pe àwọn ẹbí mẹ́ta náà jọ, ó ní ilé wọn ni yóò jẹ́ ilé alájà àkọ́kọ́ ní Ìdí-Ìyeyè. Inú wọn dùn rékọjá. Ẹnì kan béèrè pé, "Àwẹ̀ró ńkọ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bó bá dé, yóò bá ohun rere nílẹ̀.

Ẹ wo irú àfojúdi yìí! Bí ènìyàn mẹ́ta bá fohùn ṣọ̀kan láti pín ẹ̀wù ẹni kẹrin, ṣé ìfohùnṣọ̀kan wọn sọ olè jíjà di ìmọ̀ràn rere? Ohun rere tí Àwẹ̀ró bá nílẹ̀ ni pé láti inú yàrá rẹ̀ ó ń wo ojú ọ̀run. Òjò ti lu òfì rẹ̀ pa, ògiri amọ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé àjà lé sì ti ń yọ́ bí ọṣẹ. Kò sọkún. Bó ti sọ ẹrù kalẹ̀ ló kọrí sílé Baálẹ̀. Baálẹ̀ ránṣẹ́ pe Láníhùn àti gbogbo ará ilé.

"Ìyá, ẹ fara balẹ̀," ni Láníhùn wí. "Ẹni tó ni yàrá, inú rẹ̀ ló ni, n ò sì mú abẹ́rẹ́ yín níbẹ̀. Òkè ni mo fẹ́ lò, òkè kò sì ní olúwa. Àbí ẹyẹ tó ń fò kọjá lókè ilé yín, ṣé ẹ máa ń bi í pé ta ló fún un láyè?"

"Láníhùn, ẹyẹ á yàgbẹ́, á sì fò lọ," ni Àwẹ̀ró dáhùn. "Ìwọ fẹ́ yà á, kí o sì jókòó tì í."

Àwùjọ bú sẹ́rìn-ín. Ó sì yẹ kí a mọ̀ pé àwọn mọlémọlé ìlú yẹn kì í sọ pé àwọn ṣí òrùlé. Bí wọ́n bá ká koríko kúrò, wọ́n á ní àwọn fá orí ilé náà, nítorí ilé tí kò ní koríko mọ́ a máa rí bí orí tí abẹ ti kọjá lórí rẹ̀.

"Ṣé kí gbogbo ìlú máa dúró de arìnrìn-àjò ni?" ni Láníhùn jágbe. "Lọ́jọ́ tí a fá orí ilé náà, ẹ ò sí níbẹ̀! Ta ni kí n bi?"

Baálẹ̀ na ọwọ́ sókè. "O ní kí ni ẹ fá?"

"Orí..." Ó fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ṣùgbọ́n ó ti bọ́.

"Láti àárọ̀ lo ti ń wí pé òkè kò ní olúwa. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà fún ọ. Ṣùgbọ́n orí lo fá, ẹnu ara rẹ ni mo ti gbọ́ ọ, kò sì sí orí láyé tí kò ní olórí. Ẹ̀yin ará ilé, ta ni olórí èyí tó bo yàrá ìpẹ̀kun?"

Àwẹ̀ró dìde dúró.

"Bàbá, èmi ni."

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe yìí nígbà tí àwọn kan bá jókòó láti parí ọ̀rọ̀ tó kan ẹlòmíràn, tí wọn kò sì pe onítọ̀hún sí i, ìbáà jẹ́ ìpàdé ẹbí, ìbáà jẹ́ ti ìlú. Ohun tí Baálẹ̀ wí lójú gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń tún wí, nígbà tí ó pàṣẹ kí Láníhùn fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo yàrá Àwẹ̀ró padà, tí ó wá kọjú sí àwọn tó fohùn ṣọ̀kan, tí ó ní:

"A kì í fá orí lẹ́yìn olórí."