Ọdún Tí Abọ́yadé Kò Lè Fọwọ́ Kan Omi

"Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe." Kò sí ilé tí wọn kì í ti pa òwe yìí. Ẹni tí orí ń fọ́ á pàdé ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, wọ́n á pa á, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ó parí. Ṣùgbọ́n ta ni Abọ́yadé? Kí ló sì ń ṣe é? Ẹ bi àwọn tí òwe náà kì í wọ́n lẹ́nu, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bèèrè rí. Òwe ni wọ́n mọ̀, wọn kò mọ ẹni tó jìyà rẹ̀.

Bí àwọn àgbà etí odò ṣe ń sọ ọ́, iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọlọ́ya láyé àtijọ́ tó yàtọ̀ sí ìbọ. Ẹni tí ìbànújẹ́ bá da ọkàn rẹ̀ rú, tí kò jẹun mọ́, tó ń dá sọ̀rọ̀ kiri, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń mú un lọ. Wọn kì í fún un lágbo, wọn kì í sì í dè é mọ́lẹ̀. Igbá ẹ̀gúsí ni wọ́n á gbé kalẹ̀, òun àti ọlọ́ya á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á jọ máa bó o. Nígbà tí ojú kálukú bá wà nínú igbá, ẹnu a máa tú fúnra rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ náà. Lọ́dún kìíní, ọmọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ rárá; kó ṣáà bó ẹ̀gúsí, kó sì gbọ́. Lọ́dún kejì, wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè ọ̀rọ̀ láìtọpinpin. Lọ́dún kẹta, yóò máa dá jókòó ti ẹni tó bá wá, àgbà kan á sì máa fetí sí i láti ẹ̀yìn ògiri. Èèwọ̀ wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ohun tí etí bá gbọ́ nídìí igbá, ibẹ̀ ni yóò kú sí.

Abọ́yadé mọ iṣẹ́ náà dunjú. Wọ́n so ìlẹ̀kẹ̀ pupa mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n rán an lọ sí Etídò, abúlé àwọn apẹja létí Odò Ọya, tó jìn sí ìlú ní ìrìn ọjọ́ kan, òun nìkan. Àwọn ará abúlé bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rù ilé rẹ̀. Òkèèrè ni wọ́n ti ń kí i. Ẹni tí kò bá ní ẹkún nínú kì í yà síbẹ̀. Oṣù a wọlé, oṣù a jáde, kí ẹnikẹ́ni tó bi í bóyá ó sùn dáadáa.

Ẹni tó ń wá jù ni Omídìjí, apẹja kan tí ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ méjì. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀kan mú, ó fi ọwọ́ òsì di èkejì mú. Nígbà tí agbára omi ju tirẹ̀ lọ, ó jọ̀wọ́ ti ọwọ́ òsì kó lè lúwẹ̀ẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́, ibi kan náà ló sì ń dúró sí: "Mo bá ṣí ọwọ́." Á fi ẹ̀gúsí sílẹ̀, á dìde, á lọ. Abọ́yadé a máa gbọ́ ọ, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Ní oṣù kẹrin tí Abọ́yadé dé Etídò ni kinní ọ̀hún bẹ̀rẹ̀. Abọ́yadé ti ọwọ́ bọ odò láti pọn omi, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì dì, kò ṣí. Ó gbé ìkòkò òfìfo sá wálé. Láti ọjọ́ náà, kò lè fọwọ́ kan omi odò mọ́. Omi òjò ló ń lò. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó ń fún àwọn ìyàwó apẹja níṣu kí wọ́n lè bá a pọn ún. Ọlọ́ya tó ń bẹ̀rù Odò Ọya, ṣé ẹ rí nǹkan? Àfi bí alágbẹ̀dẹ tó ń sá fún iná.

Ta ni yóò sọ ọ́ fún? Abọ́yadé ti ka èèwọ̀ náà kọjá ibi tí wọ́n kà á dé. Ó rò pé bí òun bá fi lè la ẹnu pé nǹkan ń ṣe òun, òun ti tú àṣírí apẹja nìyẹn. Ó tún rò pé ẹni tó ti gba ìlẹ̀kẹ̀ kì í padà lọ bèèrè ọ̀nà, bí ẹni pé ẹ̀kọ́ a máa tán. Ó bá pa á mọ́ra. Ó dá wà, ó sì ń dùn ún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Omídìjí dé ibi tó máa ń dúró sí. "Mo bá ṣí ọwọ́." Lọ́jọ́ yẹn, kò dìde. Ó mí kanlẹ̀, ó fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Abọ́yadé ló dìde. Ó fi í sílẹ̀ nídìí igbá, ó lọ dúró lẹ́yìn ilé, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Nígbà tó padà wọlé, kò bá ẹnì kankan. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, Omídìjí kò wá. Abọ́yadé lọ sílé rẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Ojú odò ni ọkàn Abọ́yadé ń lọ ṣáá.

Ọdún àwọn ọlọ́ya ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ó dì í sínú aṣọ, ó gba ọ̀nà ìlú lọ láti dá a padà.

Ọyágbèmí ni àgbà gbogbo wọn. Abọ́yadé kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lójú agbo, ó tú aṣọ, ó ní òun kò lè ṣe iṣẹ́ náà mọ́. Ọyágbèmí bi í nídìí. Ó ní èèwọ̀ ni, òun kò gbọdọ̀ sọ ọ́.

"Ọ̀rọ̀ ẹni tó wá bá ọ ni èèwọ̀," ni Ọyágbèmí wí. "Ọ̀rọ̀ Abọ́yadé kì í ṣe èèwọ̀. Kí ló ń ṣe ọ́, ọmọ mi?"

Fún odidi ọdún kan, kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó sọ ti omi, ó sọ ti ọwọ́ tí kò ṣí, ó sọ bí òun ṣe sá fún ẹni tó gbójú lé òun. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó parí, ó tẹrí ba, ó ń retí kí wọ́n fi òun ṣẹ̀sín.

Ọyáfúnkẹ́, tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́jọ, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ó di ọdún mẹ́fà tí òun ti gbé ọmọ ọwọ́ gbẹ̀yìn, àní ọmọ àbúrò òun pàápàá. Ẹlòmíràn ní bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn lójijì, òun a máa gbọ̀n. Báyìí ni wọ́n ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan Ọyágbèmí fúnra rẹ̀. Ó ní ọdún mọ́kànlélógún rèé tí òun ti ń sùn ní ìjókòó.

Ohun tó ń bani nínú jẹ́ jù nìyí. Lọ́dọọdún ni àwọn obìnrin yìí ń jẹ nínú àwo kan náà, tí kálukú wọn rò pé òun nìkan ni. Kò sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ gbọ́ tó wọn nílẹ̀ náà, wọn kò sì gbọ́ ti ara wọn.

Ọyáfúnkẹ́ wo agbo yí ká. "Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé," ó ní, "gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ọyágbèmí mú ìlẹ̀kẹ̀ nílẹ̀, ó dá a padà sọ́rùn Abọ́yadé. "Àwa la jẹ̀bi," ó wí. "A kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gba ẹrù lórí ẹni. A kò kọ́ yín ibi tí wọ́n ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀." Ó pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, bó ti wù kí ọlọ́ya pẹ́ nídìí iṣẹ́ tó, kó máa lọ jókòó ti ọlọ́ya mìíràn lóṣooṣù, kí wọ́n gbọ́ tirẹ̀ náà. Ọyágbèmí fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ jókòó, ó sì ní kí Abọ́yadé gbọ́ ti òun.

Abọ́yadé padà sí Etídò. Omídìjí wà láàyè. Ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ló sá lọ. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó tún yà. Abọ́yadé tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n jókòó, ó sọ ọ́ bó ti máa ń sọ ọ́, ó sì dé ibẹ̀: "Mo bá ṣí ọwọ́." Ọwọ́ òsì Abọ́yadé dì bíi ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n kò dìde. Omídìjí wá sọ orúkọ ọmọ tó jọ̀wọ́, tí kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti dojú dé.

"Àwẹ̀ró la sọ ọ́," ó ní.

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ẹni tó rò pé ìṣòro òun kò ṣe ẹlòmíràn rí ni wọ́n ń pa á fún, pàápàá láàárín àwọn tó jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà tàbí tó jọ wà nínú ipò kan náà. Wọn kì í pa á láti fi pa ẹni tó ń sunkún lẹ́nu mọ́, bí àwọn kan ti ń ṣe lóde òní. Bí ẹ bá pa á fún ènìyàn tán, ẹ fún un níjòókòó.