Alóre Tí Kò Di Ọwọ́ Ẹ̀ṣọ́ Mú

Ọkùnrin kan wà ní ìlú olódi kan, iṣẹ́ alóre ni ó ń ṣe. Kò ní idà, kò ní ọfà, kò sì mọ ìjà jà. Ojú ni irinṣẹ́ rẹ̀. A máa rìn káàkiri ẹ̀yìn odi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá rí àjèjì tó ń yọ́ wọlé, a wá ọ̀nà já díẹ̀ lára aṣọ rẹ̀, a sì gbé èyí tó já náà lọ sí ilé ẹ̀ṣọ́.

Àárín ìlú ni ilé ẹ̀ṣọ́ wà. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ pọ̀, alágbára sì ni wọ́n, ṣùgbọ́n aṣọ kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn mọ̀. Eléyìí mọ aṣọ ọ̀tá tó ń gba odò wá, tọ̀hún mọ ti ọ̀tá tó ń gba orí òkè wá. Bí o bá fi aṣọ mìíràn han ẹ̀ṣọ́, bí ẹni pé kò rí nǹkan ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jókòó títí wọ́n fi kú, tí wọn kò rí aṣọ tiwọn. Àmọ́ bí aṣọ bá bá ẹni tó mọ̀ ọ́n pàdé, ẹ̀ṣọ́ náà yóò dìde, yóò kó ọgọ́rùn-ún èèyàn bíi tirẹ̀ jọ, ọ̀tá kò sì ní rí ọ̀nà sá lọ.

Òfin kan wà tó de àwọn ẹ̀ṣọ́. Láyé àtijọ́, ẹ̀ṣọ́ kan rí aṣọ, ó dìde, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Àṣé aṣọ ahunṣọ ìlú ni. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti pa èèyàn méje ní agbo ilé ahunṣọ, ìyá arúgbó kan sì wà nínú wọn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ní aṣọ nìkan kò tó. Alóre tó bá mú aṣọ wá gbọ́dọ̀ di ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ mú, kí ó wí pé, "Ọ̀tá ni. Mo fi orí mi dúró." Bí aṣọ bá wá láìsí ọwọ́, kí ẹ̀ṣọ́ gbà pé ọmọ ilé ló ni ín, kí ó má sì dìde sí aṣọ náà mọ́ títí tí yóò fi kú. Òfin náà le, ṣùgbọ́n òkú èèyàn méje ló bí i.

Lọ́jọ́ kan, alóre yìí rí ọkùnrin márùn-ún tí wọ́n ń gbẹ́ ìdí odi. Wọ́n rí i, wọ́n sá wọ igbó, ẹ̀gún sì já lára aṣọ ọ̀kan nínú wọn. Alóre mú un. Ó mọ̀ pé ọ̀tá ni wọ́n. Ó sáré.

Ojú ọ̀nà ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá jẹ́ àlejò ènìyàn ńlá kan ńkọ́? Orí ta ni yóò dà lé? Kí ó tó dé àárín ìlú, eré ti di ìrìn. Ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ẹ̀ṣọ́ kì í ṣe òmùgọ̀. Bó bá ti rí aṣọ, yóò mọ èyí tó kù.

Inú máa ń bí mi bí mo bá dé ibí yìí. Òwe náà dára. Èmi náà ń pa á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ fẹ́ jóná kì í sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀.

Ó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ṣọ́ tó mọ aṣọ náà. Ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó na aṣọ sí i.

Ẹ̀ṣọ́ ní, "Ta ló ni ín?"

Alóre ní, "Ẹ sá wò ó."

"Mo ti wò ó. Ṣé ọ̀tá ni?"

"Ẹ̀yin náà lẹ lójú, bàbá. Èmi kàn ní kí n fi hàn yín ni."

Ẹ̀ṣọ́ na ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó ń retí. Alóre kó ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ẹ̀ṣọ́ fa ọwọ́ padà, ó jókòó. Alóre lọ sílé, ó jẹun. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé òun ti sọ.

Ní ọjọ́ kẹta, odi ya. Àwọn ọkùnrin náà ti di ogún, wọ́n ti di igba, ilé àkọ́kọ́ sì ti ń jó. Alóre rí ẹ̀jẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó sáré dé ilé ẹ̀ṣọ́, ó ṣubú, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ mú. Ó ń ké pé, "Ọ̀tá ni! Mo rí wọn! Mo fi orí mi dúró, mo fi ọmọ mi dúró!"

Ẹ̀ṣọ́ wò ó. Kò bínú, ohun tó burú jù níbẹ̀ nìyẹn. Ó ní, "Mo ti rí aṣọ yìí rí. Ọmọ ilé ló ni ín." Ó sì gbé ojú kúrò.

Alóre yíjú sí àwọn yòókù. Wọ́n pọ̀, wọ́n lágbára, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ aṣọ náà. Ó ń fà wọ́n lápá lọ́kọ̀ọ̀kan títí èéfín fi dé ẹnu ọ̀nà. Ìlú náà kò sí mọ́.

Àkàngbé, ara èmi àti ìwọ ni ìlú yìí. Ogójì ọdún dín mẹ́ta ni mo fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí ẹ̀gbò bá wà lọ́wọ́ rẹ, tí kókó sì so ní abíyá rẹ, ilé ẹ̀ṣọ́ ló ń gbóná yẹn. Sẹ́ẹ̀lì tí àwọn oníṣègùn ń pè ní T ni ẹ̀ṣọ́. Sẹ́ẹ̀lì mìíràn ló ń ṣe alóre, òun ló ń gbé èérún kòkòrò àrùn wá fi hàn án. Bí ó bá fi hàn án láìfún un ní àmì kejì, èyí tó dúró fún ọwọ́ dídìmú, kì í ṣe pé ẹ̀ṣọ́ náà kò ní dìde lónìí nìkan. Yóò kú sára. Bí àmì méjèèjì bá wá pé lọ́la, kì í sábà jí mọ́. Àwọn tó kọ́ wa ní èyí sọ ọ́ wẹ́rẹ́. Èmi ò lè gbọ́ ọ wẹ́rẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, o mú Fadérera àbúrò rẹ wá síwájú bàbá yín. O ká apá bùbá rẹ̀ sókè, o ní, "Bàbá, ẹ wo ọwọ́ ọmọ yín." Bàbá bi ọ́ pé ta ló ṣe é. O mọ̀. Ìṣojú rẹ ni ọkọ rẹ̀ fi bẹ́líìtì nà án. O ní, "Ẹ sá wò ó, sà." O ò fẹ́ kí wọ́n ní ìwọ lo tú ilé àbúrò rẹ ká. Bàbá wo ọwọ́ náà títí, ó ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, ó ní kí ó máa lọ sílé ọkọ rẹ̀.

Lánàá, o dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, o fi ẹkún sọ gbogbo rẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Ó ní, "A ti gbọ́ èyí rí." Ó ní kí wọ́n bá òun gbé rédíò òun wá.

O wá ń bi mí pé kí ni ṣíṣe. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ni mí, mi ò lẹ́nu ní agbo ilé bàbá rẹ. Àgọ́ ọlọ́pàá tí a lọ ní kí bàbá rẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún ọ: mi ò mọ ohun tó lè jí bàbá rẹ. Mo ti ronú sí i láti àná, mi ò rí i. Ọkọ Fadérera ti ká eyín méjì lẹ́nu ọmọ náà, oyún oṣù mẹ́rin sì wà nínú rẹ̀. Ó ti di ẹrù rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn. Ó sọ fún ìyá rẹ pé bàbá òun ń bọ̀ wá mú òun.

Dìde, kí o lọ sí ilé ọkọ rẹ̀. Mi ò sọ pé o lè bá ọkọ rẹ̀ jà. Lọ jókòó ti Fadérera. Yóò máa wo ẹ̀yìn rẹ bóyá bàbá ń bọ̀. Sọ fún un pé kò bọ̀. Sọ fún un pé ìwọ lo fà á.