Ìdí Tí Ẹnu Ilé Ẹ̀gà Fi Kọjú Sílẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí ọ̀pẹ ṣì kúrú débi pé ewúrẹ́ ń já ewé orí rẹ̀ jẹ, òkè ni ẹnu ilé ẹ̀gà kọjú sí. Ẹ má yọ ṣùtì sí mi o, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ẹ̀gà mọ ilé kọ́ ju gbogbo ẹyẹ lọ. Yóò ya imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, yóò fi ẹnu hun ún, yóò sì la ẹnu ilé náà gbàǹgbà bí igbá, kí ẹni tó bá ń fò kọjá lè rí ọnà inú rẹ̀.

"Ẹ̀gà, o káre!" Àdàbà á wí.

"Ọwọ́ rẹ kò ní rọ o!" Lékeléke á wí.

Orí Ẹ̀gà á wú. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ló ń sùn nínú ilé náà, òun ló sì ń yé ẹyin síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, òjò ńlá rọ̀. Omi kún inú ilé, gbogbo ẹyin sì bàjẹ́. Àwẹ̀ró sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

"Má sunkún mọ́," Ẹ̀gà wí. "Màá kọ́ èyí tó rẹwà jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó kọ́ ọ lóòótọ́. Ó tún fẹ ẹnu rẹ̀ sí i, ó fi òdòdó yí i ká. Àwọn ẹyẹ wá wò ó, wọ́n ń pariwo ìyìn. Àwẹ̀ró jókòó sórí ẹ̀ka, kò wọlé. Bẹ́ẹ̀ ẹyin mìíràn ti fẹ́ bọ́ lára rẹ̀.

"Ṣé kò dára ni?" Ẹ̀gà bi í.

"Ó dára lójú Àdàbà, ó dára lójú Lékeléke. Ṣé àwọn ni yóò yé ẹyin sí i?"

Inú bí Ẹ̀gà. "Kí ló wá kù tí n kò ṣe?"

"Ẹ kò bi mí, ọkọ mi. Ẹ kò bi mí rí."

Ẹ̀gà wọ inú ilé náà, ó dùbúlẹ̀ síbi tí Àwẹ̀ró máa ń dùbúlẹ̀ sí, ó gbójú sókè. Ó rí ìkùukùu òjò. Ó rí Àṣá tó ń rà bàbà, tó ń wò ó tààrà. Ó ta gìrì dìde.

"Háà! Ibí yìí lo ti ń sùn?"

"Ibẹ̀ náà ni."

Ojú tì í. Ó tú ilé náà palẹ̀, tòdòdó-tòdòdó. "Jọ̀ọ́, Àwẹ̀ró, irú èwo lo fẹ́?"

"Èyí tí òjò kò ní rọ̀ sí. Èyí tí Àṣá kò ní rí inú rẹ̀."

Ẹ̀gà wá dojú ẹnu ilé kọ ilẹ̀, ó sì hun àpò sí ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀ kí ẹyin má baà jábọ́. Bó ṣe ń hun ún ló ń bèèrè: "Ṣé kò fún ọ jù? Ṣé kí n fà á díẹ̀?" Àwẹ̀ró ń dá a lóhùn láti inú.

Àdàbà ń kọjá lọ. "Ẹ̀gà, ilé wo lo dorí rẹ̀ kodò yìí? Kò wuyì rárá!"

Ẹ̀gà kò tilẹ̀ gbọ́. Òjò tún rọ̀, ẹyin kò tutù. Àwẹ̀ró pamọ, ọmọ sì kún ilé.

Láti ìgbà náà ni ẹnu ilé ẹ̀gà ti kọjú sílẹ̀. Láti ìgbà náà sì ni akọ ẹ̀gà ti ń tú ilé tí abo bá kọ̀, tó ń tún un hun. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ lórí ọ̀pẹ yẹn, tí ẹ ń tìtorí rẹ̀ sọ òkò, ìbéèrè ni: "Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn? Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn?"