Ìwé Méjì fún Ilé Ìgbẹ̀bí

Ọkùnrin kan wà tí ó ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún ilé ìgbẹ̀bí kan, kí àwọn nọ́ọ̀sì lè máa rí káàdì aláboyún láìtú fáìlì. Ó kọ ìwé ìlò rẹ̀, ìwé kan ṣoṣo tí ó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wá káàdì wà níbẹ̀, bí alábòójútó ẹ̀rọ ṣe ń pa pásíwọ́ọ̀dù gbogbo ènìyàn rẹ́ náà wà níbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn pé òun kò fi nǹkan kan pamọ́.

Mátíróònù ibẹ̀ kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, ó ní kí àwọn nọ́ọ̀sì ka ìwé náà sókè láti ojú ewé àkọ́kọ́, kí wọ́n sì ṣe ohun tí ó bá wí. Orí kọ̀ǹpútà alábòójútó gan-an ni wọ́n ti ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n kan ibi tí ó ní kí a pa pásíwọ́ọ̀dù rẹ́, wọ́n pa á rẹ́. Kò sẹ́ni tó lè wọlé mọ́. Àwọn aláboyún jókòó lọ bẹẹrẹ, wọn kò sì rí káàdì ẹnì kankan.

Ọkùnrin náà fi ìbínú sáré dé. "Mà, ta ló ní kí ẹ ṣe èyí?"

"Ẹ̀yin náà ni, ọ̀gá. Ẹ ní ká ṣe é, a sì ṣe é."

Dókítà tó ni ilé ìgbẹ̀bí náà ní bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kí ọkùnrin náà wá kó ẹrù rẹ̀. Ojú tì í. Ó ṣe pásíwọ́ọ̀dù tuntun fún gbogbo wọn. Nígbà tí ó délé, ó gbé ìwé náà síwájú, ó ń bi ara rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan pé, ta ni yóò ṣe èyí? Ó kọ ti alábòójútó sọ́tọ̀, ó kọ ti nọ́ọ̀sì sọ́tọ̀. Ti nọ́ọ̀sì fẹ́lẹ́ débi pé ẹ̀rù bà á kí wọ́n má pe òun ní ọ̀lẹ. Ó gbé e fún wọn bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́, wọ́n gbé aláboyún kan dé, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ṣí ìwé fẹ́lẹ́ náà, ó tẹ ohun tí ó ní kó tẹ̀, káàdì yọ, irú ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà sì hàn gbangba. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ìyá yè, ọmọ ké! Mátíróònù jó yíká yàrá. Nígbà tí wọ́n pe ọkùnrin náà, ó hó ìhó ayọ̀ lórí fóònù bí ẹni pé òun ni bàbá ọmọ.

Ìwọ náà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí, ò ń da gbogbo ohun tí o mọ̀ lé àwọn tí ò ń kọ́ lórí, o sì ń pè é ní inú rere. Kí o tó la ẹnu lọ́la, kọ́kọ́ bi ara rẹ léèrè pé, kí ni ẹni yìí fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe? Àwọn tí ò ń kọ́ kì í ṣe òmùgọ̀. Ìwọ ni o kò tíì ya tiwọn sọ́tọ̀ fún wọn.