Ẹbọ Fáìlì ní Ọ̀nà Bóyèdé

Ọkàn Ọdẹ́jìnmí kò balẹ̀. Ó jókòó, ó dìde. Ó bu oúnjẹ, kò lè jẹ ẹ́. Ìjì ńlá ti jà ní Igbóyè, ó wó ogún igi dí Ọ̀nà Bóyèdé, ọ̀nà oko tí Bóyèdé, baba ńlá wa, fi àdá lásán là. Baálẹ̀ sì ti ránṣẹ́ pé bí ọ̀nà náà kò bá là kí ọjọ́ kẹtàdínlógún tó pé, tíí ṣe ọjọ́ Ìjẹṣu, òun yóò gbé e fún agbo ilé mìíràn, pẹ̀lú ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà.

Ní ilé wa, ìdí ìyá ni a fi ń pín iṣẹ́ ọ̀nà. Ọdẹ́jìnmí ló ni láti odò dé oko. Ògúnrìndé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ baba kan, ìyá ọ̀tọ̀, ló ni láti ilé dé odò. Igi mẹ́wàá ló wà ní apá kọ̀ọ̀kan. Bí apá kan bá dí, gbogbo ọ̀nà ló dí. Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì tí baba wọn fi sílẹ̀ ti kú. Olúkúlùkù ní láti ra tirẹ̀, kò sì sí èyí tó mọ irú èyí tó yẹ kí òun rà.

Wọ́n tọ Ìyá Àgbẹ̀dẹ lọ, opó alágbẹ̀dẹ tó ń da obì ní ìdí owú tí a fi ń lu irin láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọjọ́ Ògún ni, ọjọ́ kìíní nínú mẹ́tàdínlógún náà. Ó la obì olójú mẹ́rin, ó dà á sílẹ̀. Méjì ṣí, méjì dojú bolẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

“Obì yàn,” ó ní. “Ọ̀nà yóò là, ṣùgbọ́n ẹnu tó mú ni yóò là á, kì í ṣe ariwo. Ẹ gbé èsun iṣu àti epo pupa wá síbí fún Ògún. Ìyẹn kéré. Ẹbọ gan-an ni pé, ní ọrọọrún, bí ọjọ́ Ògún bá ti pé, ẹ kò gbọdọ̀ gégi. Ẹ ó tú ayùn palẹ̀, ẹ ó gbá lẹ́búlẹ́bú igi kúrò nínú rẹ̀, ẹ ó fi fáìlì, irin tí a fi ń pọ́n ayùn, pọ́n eyín ṣéènì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, iye ìgbà kan náà fún eyín kọ̀ọ̀kan. Ọ́ìlì tirẹ̀ ni kí ẹ fún un mu. Ẹ má jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kan ilẹ̀.”

Ọdẹ́jìnmí béèrè pé, “Ìyá, èwo ni kí n rà?”

“Na ọwọ́ méjèèjì, gbé e síwájú, kí o ki oríkì àwọn baba rẹ. Bí ọwọ́ rẹ bá gbọ̀n kí o tó kì í tán, gbé e padà. Ẹni tó ń bá ayùn rẹ̀ jìjàkadì kò níí ráyè bá igi jà.”

Ògúnrìndé rẹ́rìn-ín. “Ìyá, ṣé kí n jókòó máa pọ́n eyín bí ìyàwó tó ń yarun, kí ọjọ́ sì máa lọ? Ògún tí èmi mọ̀, ajá ló ń jẹ. N ó fún un ju èyí tó béèrè lọ.”

“Kò béèrè ajá lọ́wọ́ rẹ,” ni Ìyá wí, ó sì ṣa obì rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ayùn, Ògúnrìndé mú èyí tó tóbi jù, tí irin rẹ̀ gùn ju apá ènìyàn lọ. Ọdẹ́jìnmí náà gbé irú rẹ̀ wò, ó ń ki oríkì. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n kí ó tó kan baba baba rẹ̀. Ọlọ́jà béèrè bóyá ayùn ló fẹ́ rà àbí oyè ló fẹ́ jẹ. Èyí kékeré kan ní kọ̀rọ̀ ló gbé tó fi kì wọ́n dé orí Bóyèdé tí apá rẹ̀ kò yẹ̀. Ó rà á, ó sì ra fáìlì mẹ́ta mọ́ ọn.

Ògúnrìndé pa ajá. Ó ta ẹ̀jẹ̀ àti epo pupa sára ayùn náà fúnra rẹ̀, bí a ti ń ta á sára ọkọ̀ tuntun, títí ó fi ṣàn wọ inú ṣéènì. Ó ní Ògún ti yó.

Ọjọ́ Ògún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìyẹn pé. Ẹ̀gbọ́n ti gé igi márùn-ún, àbúrò gé méjì péré. Ọdẹ́jìnmí tú ayùn rẹ̀ sórí àpò, ó ń pọ́n eyín, ara rẹ̀ ń yá gágá láti dìde. Ayùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bú ramúramù lódìkejì odò. Àwọn obìnrin tó ń ti odò bọ̀ béèrè bóyá ayùn tirẹ̀ ń ṣàìsàn ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló dìde, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló tún jókòó.

Nígbà tí ọjọ́ Ògún kejì pé, ariwo òdìkejì ti yí padà, ó ń kérora. Epo pupa ti dì mọ́ lẹ́búlẹ́bú igi, eyín ti kú. Ìyẹ̀fun ló ń tú jáde níbi tí ó yẹ kí èérún igi ti máa fò. Ògúnrìndé wá ń fi àyà ti ayùn mọ́ igi. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ògún kẹta, igi mẹ́jọ lápapọ̀ ni ó ti gé. Mẹ́jọ ni àbúrò rẹ̀ náà gé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ariwo dákẹ́ lójijì. Ṣéènì ti já, ó ti fa Ògúnrìndé nítan ya. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Àwọn àgbà ilé wá bá Ọdẹ́jìnmí, wọ́n ní kí ó gbé ayùn kíá, pé igi mẹ́rin ṣì wà nílẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù.  Ó wo eyín tó kù tí kò tíì pọ́n.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin baba mi,” ó ní, “ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀.”

Ó pọ́n ọn tán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó wọ inú igi, ayùn ń jẹ ẹ́ bí ẹní ń jẹ iṣu. Oòrùn ọjọ́ kẹrìndínlógún ń wọ̀ lọ nígbà tí igi ìkẹyìn, ti apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, yẹ̀ kúrò lọ́nà. Ní ọjọ́ kejì, Baálẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú iṣu tuntun, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kọ nǹkan kan. Ọ̀nà Bóyèdé kò kúrò nílé wa.

Ògúnrìndé fi ọ̀pá rìn dé, ó ń tiro. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà àbúrò rẹ̀ ní ọjọ́ Ògún. Kò mẹ́nu kan ajá.

“Fún mi ní fáìlì kan,” ó ní.

Ọdẹ́jìnmí na fáìlì kẹta sí i, ó sì sún fún un lórí ẹní. Ẹni tó gbọ́ rí ọ̀nà oko rẹ̀ tọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì gbòòrò. Ẹni tó torí ẹbọ ńlá fi ẹbọ kékeré ṣe yẹ̀yẹ́ fi ìtan san án, ó sì jókòó kọ́ ọ nígbẹ̀yìn.