Ìkómọ Láàárín Àga Òfìfo

Ọkùnrin kan wà tó kó lọ sí ìlú òyìnbó pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá wọn lọ, àdúgbò kan náà ni wọ́n sì ń gbé. Kí ọ̀rẹ́ yìí tó tú ẹrù tán ló ti ń kan ilẹ̀kùn kiri, tó ń bi àwọn aládùúgbò bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀. Ọkùnrin tí mo ń wí jókòó ní tirẹ̀. Ó ní àlejò ni wọ́n ń wá kí káàbọ̀. Mi ò dá a lẹ́bi o, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni kò wá.

Nígbà tó yá, ìyàwó rẹ̀ bí ọmọbìnrin. Ní ọjọ́ ìkómọ, wọ́n se ìrẹsì tó lè yó àdúgbò, wọ́n to àga kún pálọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún aládùúgbò kankan. Nílé wa, ta ló ń dúró de ìpè kó tó lọ síbi ìkómọ? Oúnjẹ tutù. Ọ̀rẹ́ yẹn nìkan ló dé. Ìyá ọmọ bú sẹ́kún, ó ní òun ò ní sọ ọmọ òun lórúkọ láàárín àga òfìfo, òun á gbé e padà sílé.

Ọkọ rẹ̀ ní, “Wọ́n kórìíra wa ni.”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í pé, “Ṣé o pè wọ́n?”

“Ṣé wọn ò gbọ́ igbe ọmọ ni?”

“Wọ́n gbọ́. Níbí, ẹni tí wọn ò pè kì í yọjú. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń fìyẹn bù fún ọ. Dìde, lọ pè wọ́n.”

Ojú tì í, àmọ́ ẹkún ìyàwó rẹ̀ lé e jáde. Ó kan ilẹ̀kùn ìyá àgbàlagbà kan. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ìyá náà ti yà sínú yàrá, ó mú fìlà ọmọ tuntun kan jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló hun ún.

Ó ní, “Mo ti ń retí kí ẹ pè mí.”

Ọkùnrin náà kan àwọn ilẹ̀kùn yòókù, kò sì pẹ́ tí ilé fi kún. Ìyá àgbàlagbà yẹn náà fún ọmọ lórúkọ kan, ìyá ọmọ sì rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn ún.

Ìwọ tí ò ń palẹ̀ ẹrù mọ́ yìí, inú mi dùn sí ìrìn àjò rẹ. Báyìí ni à ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Kí o tó sọ pé ìlú kan kò fẹ́ ọ, kọ́kọ́ pe ẹnì kan wá jẹun.